Bààlúù Kékeré, Ogun Ńlá: Ìtàn Carl Gustaf von Rosen

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2025, fídíò kan gba orí fóònù gbogbo wa. Drónù kéékèèké ló wà nínú ẹ̀. Ukraine ti kó wọn pamọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù wọ àárín Rọ́ṣíà, wọ́n sì fi wọ́n jó àwọn ọkọ̀ òfurufú ńlá tó ń ju bọ́ǹbù níbi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí. Níbi iṣẹ́ wa, àwa tí a ń kọ kóòdù pa kọ̀ǹpútà tì, a ń pariwo: "Èèmọ̀! Ogun ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́!" Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ígbò, kàn ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ lọ ní tiẹ̀ ni. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní, "Kí ló tuntun níbẹ̀? Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 1969."

Gbogbo wa dákẹ́. Ká má parọ́, nínú àwa yòókù, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ. A kàwé, a gboyè, a lè tún nǹkan tó bàjẹ́ lórí sáfà ṣe láìsùn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa gan-an, àjèjì ni sí wa. Ẹ̀bi wa nìkan kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò kọ́ ìtàn bí ẹ̀kọ́ tó dá dúró mọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé ńkọ́? Tí ọ̀rọ̀ ogun bá délẹ̀, àwọn àgbà á ní ká fìyẹn sílẹ̀ jàre.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn náà kiri nìyẹn, ibẹ̀ la sì ti pàdé ọkùnrin kan tí kò kúrò lọ́kàn wa mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Carl Gustaf von Rosen. Ọmọ Sweden ni. Ó wa bààlúù nínú ogun Etiópíà, ó wà á nínú ogun Finland, ó sì wà á nínú ogun tiwa níbí. Kò sí èyí tó jẹ́ ogun ìlú ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Fínnúfíndọ̀ ló fi lọ.

Ọmọ ilé ọlọ́lá

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1909 ni wọ́n bí i. Eric von Rosen, bàbá rẹ̀, jẹ́ ìjòyè tó lówó, arìnrìn-àjò tó ti la Áfíríkà kọjá láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní 1918, nígbà tí Finland ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, bàbá yìí fún wọn ní bààlúù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kun àmì swastika sára ẹ̀, torí pé lójú tirẹ̀, àmì oríire ni. Finland sì sọ ọ́ di àmì àwọn ọmọ ogun òfurufú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún yẹn o: 1918. Ẹgbẹ́ Násì ò tíì sí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, Eric yìí kan náà fara mọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ nìyí. Ní 1920, nígbà òtútù, Eric háyà awakọ̀ bààlúù ọmọ Jámánì kan pé kó gbé òun délé. Ojú ọjọ́ ò dáa, awakọ̀ náà ní láti sùn síbẹ̀. Ilé yẹn ló ti rí Carin, àbúrò ìyàwó Eric, wọ́n fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì fẹ́ra níkẹyìn. Awakọ̀ yẹn ni Hermann Göring, ẹni tó wá di olórí àwọn ọmọ ogun òfurufú Hitler. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá ni Carl Gustaf nígbà náà. Ọkọ àbúrò ìyá ẹ̀ ni Göring.

Kò sẹ́ni tó lè yan ilé tí wọ́n máa bí i sí. Ohun tí ènìyàn lè yàn ni ọ̀nà tó máa gbà jáde níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bààlúù, ó sì di ẹni tí wọ́n ń sanwó wò ní Sweden nítorí bó ṣe ń fi bààlúù tàkìtì lójú ọ̀run. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Ítálì kọlu Etiópíà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1935.

Ohun tó rí ní Etiópíà

Von Rosen yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún ẹgbẹ́ Red Cross ti Sweden. Ó gbé bààlúù kékeré kan dání tí wọ́n fi ń gbé àwọn tó fara pa. Ìbọn ò sí lára ẹ̀, àmì àgbélébùú pupa nìkan ló wà níbẹ̀.

Àmì yẹn ò gba ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1935, àwọn bààlúù Ítálì ju bọ́ǹbù sórí ilé ìwòsàn tí Red Cross Sweden pa àgọ́ rẹ̀ sí Melka Dida, àwọn aláìsàn àti olùtọ́jú wà nínú ẹ̀. Ítálì tún tú gáàsì olóró sórí àwọn ènìyàn, gáàsì tó máa ń jó awọ ara, tó sì ń fọ́ni lójú. Bẹ́ẹ̀, Ítálì ti fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn ò ní lò ó. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, Addis Ababa sì bọ́ sọ́wọ́ Ítálì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1936.

A rò pé tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkùnrin yìí fi ṣe ohun tó ṣe sí wa ní 1969, ẹ ní láti kọ́kọ́ dúró sí Etiópíà díẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń pa ènìyàn láti òkè kì í ka àmì ara ọkọ̀ sí, àti pé ayé lè máa wò títí tí wọ́n á fi run ìlú kan tán.

Bààlúù akérò tó di ajubọ́ǹbù

Lẹ́yìn Etiópíà, ó lọ ń wa bààlúù fún ilé iṣẹ́ KLM ní Netherlands. Iṣẹ́ gidi, owó gidi. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1939, Soviet kọlu Finland. Von Rosen fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wá bààlúù méjì tó kéré fún Finland, ó sì wá ẹ̀kẹta tó tóbi, DC-2, irú èyí tí wọ́n fi ń kó èrò.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe sí DC-2 yẹn. Wọ́n yọ àga èrò kúrò, wọ́n wá ibi tí wọ́n á gbé ìbọn sí, wọ́n ṣe ibi tí bọ́ǹbù á máa so rọ̀ sí. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí àwọn oníṣòwò lè jókòó mu tíì nínú ẹ̀ di ọkọ̀ ogun. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ sọ́fíwíà mọ irú ìyẹn dáadáa: kò sí owó, kò sí àkókò, ẹ lo ohun tó wà nílẹ̀. Ó fi bààlúù náà lọ ju bọ́ǹbù ní oṣù Kejì ọdún 1940. Ogun yẹn parí ní oṣù Kẹta, Finland sì pàdánù ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gba gbogbo ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. DC-2 yẹn, tí wọ́n ń pè ní Hanssin-Jukka, ṣì wà ní Finland títí dòní.

Nígbà tí Jámánì gba Netherlands ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Bìrìtìkó kó lè bá Hitler jà. Wọn ò gbà á. Ta ló máa gba ìbátan Göring? Lẹ́yìn ogun àgbáyé, ó padà sí Etiópíà, ó sì lò tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ lábẹ́ Haile Selassie, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Etiópíà ní bí wọ́n ṣe ń wa bààlúù ogun. Ìlú tí wọ́n ti tú gáàsì lé lórí láìní bààlúù tó lè dá a dúró wá ní ọmọ ogun òfurufú tirẹ̀. A ò lè sọ pé ohun kékeré nìyẹn.

Oúnjẹ lóru

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀kalẹ̀ sílé. Biafra kéde ìyapa ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní oṣù Keje. Nígbà tó fi máa di 1968, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti gba Port Harcourt, Biafra ò ní ọ̀nà sí òkun mọ́. Ebi dé. Àwọn ọmọdé tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, fọ́tò wọn ló gba ojú ìwé ìròyìn gbogbo ayé.

Àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti Red Cross ń gbé oúnjẹ wọlé lóru, sí Uli, ojú títì kan tí wọ́n fẹ̀ láti sọ ọ́ di ibi tí bààlúù lè balẹ̀ sí. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń gba òru yẹn wọlé. Ohun ìjà náà ń wọlé bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba àpapọ̀ fi ní kí gbogbo ọkọ̀ wá gba àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn. Ojúkwu kọ̀ jálẹ̀. Àwọn àgbà méjì ń fa ọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé ń kú.

Von Rosen ti lé ní ọmọ ọdún 58. Ilé iṣẹ́ bààlúù kan ní Sweden, Transair, ló ń bá ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1968, nígbà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń bẹ̀rù ìbọn tí wọ́n ń yìn sókè, ó gbé DC-7 tó kún fún oúnjẹ àti oògùn láti erékùṣù São Tomé. Ó fò sílẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá orí igi, kí rádà má bàa rí i, ó sì balẹ̀ ní Biafra. Ìrìn yẹn fi han àwọn yòókù pé ó ṣeé ṣe. Kí ogun tó parí, bààlúù àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ, wọ́n ti bọ̀ ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà lọ.

Màmá ọmọ Ígbò ibi iṣẹ́ wa wà lára àwọn ọmọdé tó jẹ oúnjẹ yẹn. Ó sọ fún wa pé títí di òní, tí màmá òun bá gbọ́ òórùn stockfish, obìnrin náà á kọ́kọ́ dákẹ́ ná kó tó máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Wọn kì í da oúnjẹ nù nílé wọn. Tí oúnjẹ bá ṣẹ́kù sí abọ́ ẹni, inú ìkòkò ló ń padà sí.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ

Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí, ì bá rọrùn. Gbogbo wa la máa ní "ènìyàn rere ni," a ó sì lọ.

Ṣùgbọ́n lójú von Rosen, oúnjẹ nìkan ò tó. Bààlúù MiG-17 àti Ilyushin ìjọba àpapọ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wà wọ́n jẹ́ ọmọ Íjíbítì àti àwọn òyìnbó tó ń gba owó iṣẹ́, ń ju bọ́ǹbù sí ọjà àti ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń dọdẹ Uli. Ó ti rí irú ẹ̀ rí ní Melka Dida. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fẹ́ kàn máa kó àwọn tó fara pa.

Ó wá bààlúù márùn-ún ní Sweden, MFI-9B. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọkọ̀ ogun ni. Ènìyàn méjì péré ló ń gbà, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ju agbára ẹṣin 100 lọ, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n kó wọn lọ sí Gabon, wọ́n kùn wọ́n láwọ̀ ewé, wọ́n sì so rọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlá-méjìlá mọ́ abẹ́ apá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Sweden àti ọmọ Biafra ló jọ wà wọ́n. Augustus Okpe, tó padà kọ ìwé nípa ẹ̀, wà lára wọn. Àwọn ènìyàn pè wọ́n ní Ọmọ-ọwọ́ Biafra.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1969, wọ́n yọ sí pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt láti ẹ̀yìn igi, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí àwọn bààlúù ogun tó wà nílẹ̀, wọ́n sì ti lọ kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 24, Benin. Ọjọ́ 26, Enugu. Ọjọ́ 28, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ughelli. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Iye bààlúù tí wọ́n bàjẹ́ ò dọ́gba lẹ́nu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi kọ́ṣẹ́ ló ń lé ọkọ̀ tó ń sáré bí mànàmáná. Ọ̀gá wa ọmọ Ígbò ò parọ́: ohun tí a rí nínú fídíò 2025, àbúrò ẹ̀yìn ni.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀

Ibi tó ti wá le nìyí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn Port Harcourt, bààlúù ogun ìjọba àpapọ̀ yìnbọn lu DC-7 kan ti Red Cross tó ń gbé oúnjẹ lọ. Ó já bọ́, gbogbo àwọn tó wà nínú ẹ̀ kú. Red Cross dá ìrìn wọn dúró. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń bá a lọ lóru.

Ṣé von Rosen ló pa wọ́n? Rárá o. Ẹni tó yìnbọn ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan náà tó wa bààlúù oúnjẹ ní 1968 ló wa bààlúù rọ́kẹ́ẹ̀tì ní 1969, ọmọ Sweden kan náà, lójú ọ̀run kan náà. Láti ìsàlẹ̀, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ èwo lèwo? Ọkọ̀ aláàánú ò ní ààbò kankan ju pé kí ọ̀tá gbà pé aláàánú ni lọ. Tí ìgbàgbọ́ yẹn bá ti yingin, àmì àgbélébùú pupa di ọ̀dà lásán.

Iṣẹ́ wa tún jẹ́ kí a rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Irú ènìyàn kan wà tó máa ń wọnú iṣẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó gbọ́n, ó láyà, á tún ibi tó le jù ṣe lóru kan, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́, á sì máa lọ. Tí nǹkan bá wá tún dà rú ní aago mẹ́ta òru, fóònù tiẹ̀ kọ́ ló máa dún. Von Rosen padà sí Sweden. Okpe àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló kù síbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba bààlúù yẹn títí ogun fi parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ò yí ibi tí ogun ń lọ padà.

Àwa ọmọ Yorùbá náà sì ní tiwa láti sọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, ọmọ ogun Biafra gba Benin kọjá, wọ́n dé Ore, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn padà. Ìjà yẹn le débi pé ó di àṣamọ̀ lẹ́nu wa: "Ó le kú, ìjà Ore." Bọ́ǹbù Biafra bọ́ sí Èkó náà lọ́dún yẹn. Ní Port Harcourt tí von Rosen kọlù, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò olórí ọmọ ogun tó wà níbẹ̀ lóṣù yẹn gan-an ni. Àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó ń sá wọ ihò nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì dé.

Ẹnìkan nínú wa ní bàbá àgbà tó ṣe sójà nígbà náà. Títí bàbá fi kú, tí hẹlikópútà bá kọjá lórí ilé, bàbá á dìde kúrò lábẹ́ igi, á wọlé. Kò sọ ìdí ẹ̀ rí. Bí ó ṣe sọ èyí fún wa tán, ó wo ọmọ Ígbò tó wà níwájú ẹ̀, ọmọ ẹni tó jẹ oúnjẹ von Rosen. Ìyẹn náà wò ó. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun láti ọdún mẹ́rin, wọn ò sọ̀rọ̀ yìí rí.

Bó ṣe parí

Von Rosen ò fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìyàn mú ní Etiópíà láàárín ọdún 1970 sí 1979, ó padà síbẹ̀. Irú bààlúù kékeré tó jọ ti Biafra ló tún gbé lọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àpò oúnjẹ ló so mọ́ abẹ́ apá wọn, níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà tẹ́lẹ̀. Á fò sílẹ̀, á jù wọ́n sí àwọn abúlé tí ọkọ̀ ilẹ̀ ò lè dé. Nínú gbogbo ohun tí a kà nípa ẹ̀, ìyẹn la fẹ́ràn jù.

Ní oṣù Keje ọdún 1977, nígbà tí ogun Somalia àti Etiópíà ń gbóná, ó wà ní Gode, ó ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun Somalia kọlu ìlú náà lóru, wọ́n sì pa á. Ilẹ̀ ló wà, kò sí nínú bààlúù. Ọmọ ọdún 67 ni. Addis Ababa ni wọ́n sin ín sí. Nítorí náà, ẹni tí a ní ó máa ń lọ tó bá tún nǹkan ṣe tán, ibì kan wà tí kò kúrò mọ́.

Ṣé akọni ni, àbí alátojúbọ̀? A ti jiyàn ẹ̀ títí, ẹnu wa ò kò. Ohun tí a gbà ni pé ó sàn ju ẹni tó jókòó tó ń wo fọ́tò ọmọ tí ebi ń pa, tó sì ṣí ojú ìwé kejì lọ. A tún gbà pé àánú tó bá gbé ìbọn ní láti mọ̀ pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà ní ìyá. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́, a ò sì fẹ́ fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ogun ti parí ní 1970. Ìjà ló kù sí ẹnu wa, torí pé a ò jókòó sọ ọ́ rí. Ẹ bi àwọn tó wà nílé yín léèrè kó tó pẹ́ jù. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Ígbò náà, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀ tán kí ẹ tó sọ tiyín. Níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Ígbò yẹn àti ọmọ ọmọ sójà yẹn ṣì jọ ń jẹun ọ̀sán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìrẹsì ṣẹ́kù nínú abọ́ ọmọ sójà, ó fẹ́ dà á nù. Ó wo iwájú ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ẹ́ tán.